Ogun Tí Kò Ní Àmì

Ọjọ́ tí télọ̀ àti tíṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ fa aṣọ ya mọ́ ara wọn lọ́rùn nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò mọ Bàbá Á-Ṣẹ. Kí ó tó di ọjọ́ náà, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi lásán ni. Ó máa ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń wo mítà, nígbà tó bá sì dé ilé nírọ̀lẹ́, á jókòó, á máa kọ ìtàn àwọn ìlú tí kò sí níbì kankan. Ìwé rẹ̀ kìíní ti jáde ní oṣù méjì ṣáájú. Ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà ni wọ́n tẹ̀, kò sì dá wa lójú pé àwọn tó kà á pé ogójì.

Télọ̀ ló kọ́kọ́ wọ ilé Bàbá Á-Ṣẹ, ó fi ìka sí àárín ojú-ewé kọkànlélógójì kó má bàa sọnù. Tíṣà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà tirẹ̀. Ní ojú-ewé náà, òkúta kan tó máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ibodè ìlú sọ àsọtẹ́lẹ̀ tí gbogbo ìtàn náà rọ̀ mọ́.

"Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí," ni télọ̀ wí. "Kí ni òkúta sọ? Ó ní, 'Ogun ni ọmọ amọ̀kòkò yóò fi gba ìlú là.' Ogun ni. Kí wọ́n gbé ohun ìjà, kí wọ́n jà."

"Irọ́ ni," ni tíṣà dá a lóhùn. "Ogún ló wà níbí. Àmì rẹ̀ nìyí gàdàgbà lórí rẹ̀. Ogún èèyàn ni ọmọbìnrin amọ̀kòkò náà máa kó jọ. Bí mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nìyẹn, mi ò sì ní padà lọ sọ fún wọn pé mo ṣì í."

Bàbá Á-Ṣẹ gba ìwé méjèèjì. Nínú ti tíṣà, àmì kékeré kan tí wọ́n fi bírò dúdú fà wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Nínú ti télọ̀, ìhòòhò ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ó tún mọ ohun kan tí àwọn méjèèjì kò mọ̀: òkúta kò sọ̀rọ̀ nípa ìjà, kò sì ka èèyàn. Ogún tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ ni òun ní lọ́kàn nígbà tí òun ń kọ ọ́. Ó ní kí wọ́n bu omi fún òun. Ó mu ún tán, ó nu ẹnu.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ tọ̀nà," ló wí. "Ọ̀nà kan ò wọjà. Àsọtẹ́lẹ̀ tó bá ní ojú kan ṣoṣo, pátákó ìkìlọ̀ ni. Ẹ lọ máa retí ìwé kejì. Á ṣẹ."

Kò ní ìwé kejì kankan lọ́kàn nígbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀. "Á ṣẹ" yẹn ló sì wá di orúkọ fún un títí tó fi kú, ikú tó dùn wá ju bí a ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ sí ìhòòhò. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ atẹ̀wé nígbà náà mọ àmì tó ń wà lábẹ́ lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò mọ àmì ohùn. Bàbá Á-Ṣẹ ní ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ló wà nínú ìwé náà tí ẹnu ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣì, nítorí náà òun àti àbúrò òun obìnrin yóò fi bírò fa àmì sórí wọn nínú gbogbo ẹ̀dà. Àbúrò yìí ló ń bá a tàìpù gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ló lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, tó dà bí ilẹ̀ tí adìẹ tàn. Wọ́n kó ìwé sórí tábìlì, wọ́n pín in ní àádọ́jọ, àádọ́jọ. Ẹ̀gbọ́n mú bírò dúdú, àbúrò mú búlúù.

Àbúrò bá iṣẹ́ dé ẹ̀dà ọgọ́ta, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí fo ojú-ewé kọkànlélógójì, torí ibẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara, ó sì ṣòro ṣí. Ó fa àmì mẹ́wàá yòókù pé, ó pa ìwé dé. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ èdè wa. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní àmì lórí kì í dákẹ́, nǹkan mìíràn ló máa ń sọ. Bí ogun ṣe wọ inú ìtàn tí kò sí ogun nínú rẹ̀ nìyẹn.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti lọ sọ fún gbogbo ayé pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ẹnu rẹ̀ wúwo sí i. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi jókòó ti ẹ̀rọ tàìpù, tó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń kọ ìwé tẹ̀ lé ìwé kí ohun tí òun bà jẹ́ lè gún. Ohun méjì ló ń fẹ́ láyé: kí ẹ̀gbọ́n òun rí ìtàn náà parí, kí òun sì lè jẹ́wọ́ fún un kí ó tó pẹ́ jù. Èyí èkejì ló ń bà á lẹ́rù jù.

Ìwé kejì ni Bàbá Á-Ṣẹ fi mọ̀ pé àsọtẹ́lẹ̀ dà bí ẹ̀jẹ́, ẹni tó bá dá a ni yóò san án. Ló bá di pé ó ń kọ èyí tí kò lè kùnà. Atẹ̀wé ka ọ̀kan sókè nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"'Ẹni tí ń bọ̀ kò tíì dé.'" Ó gbé ìwé sílẹ̀. "Bọ̀dá, èyí kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Ẹni tí ń bọ̀, tó bá ti dé, kì í tún ṣe ẹni tí ń bọ̀."

"Ṣé ẹ wá rí i pé kò lè yẹ̀."

"Èyí tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́? 'Oòrùn yóò ràn ní ọjọ́ tí ọba yóò wàjà.' Bí òjò bá rọ̀ ṣúlẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá Á-Ṣẹ ronú sí i dáadáa. Ó gba bírò lọ́wọ́ atẹ̀wé, ó fi "tàbí ní ọjọ́ kejì rẹ̀" kún un.

Nínú ìwé kẹta, ó gbàgbé ara rẹ̀. Òkúta ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kò ní sí ilẹ̀kùn tí yóò lè dá ọmọ amọ̀kòkò dúró, òǹkọ̀wé wa sì ti ọmọ náà mọ́ ẹ̀wọ̀n fún odindi orí mẹ́rin. Ìyá àgbà kan tó máa ń ka ìwé rẹ̀ sétí ọkọ rẹ̀ tí kò ríran mọ́ kọ lẹ́tà sí i. Ó ní ọkọ òun fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ilẹ̀kùn. Bàbá Á-Ṣẹ fèsì ní ìlà kan: "Ẹ jọ̀wọ́ mà, inú kànga ni wọ́n jù ú sí, kànga kì í sì í ní ilẹ̀kùn."

Lẹ́yìn tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ tán ló tó sáré lọ bá àbúrò rẹ̀.

"Gbogbo ibi tó o bá ti rí 'ẹ̀wọ̀n', kọ 'kànga' síbẹ̀."

"Bọ̀dá mi, gbogbo ibẹ̀?"

"Gbogbo ibẹ̀. Àgbàlagbà ń retí."

Àbúrò ṣe bó ṣe wí. Bí ẹ bá ní ìwé náà nílé, èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ó rí wọ́dà kan nínú rẹ̀ tó jókòó sórí àga nísàlẹ̀ kànga, tí kọ́kọ́rọ́ ń dún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwà yìí bá a dé ibi iṣẹ́. Nígbà kan tí páìpù ńlá bẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ní kó kọ ìkéde kan fún àwọn oníbàárà. Ó kọ ọ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà: "Omi yóò dé ní ọjọ́ tí ẹ kò retí rẹ̀." Ọ̀gá pè é wọlé, ó bi í pé ọjọ́ wo nìyẹn.

"Ọ̀gá, tí mo bá dárúkọ ọjọ́, wọ́n á máa retí rẹ̀."

Wọ́n fún un ní ìwé ìbáwí. Omi sì dé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nígbà tó ti sú gbogbo èèyàn, tí wọ́n ti gbé bókẹ́ẹ̀tì wọn wọlé. Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá Á-Ṣẹ lẹ ìwé ìbáwí náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkéde rẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè kà wọ́n pọ̀.

Ogún èèyàn ti tíṣà náà ò jẹ́ kó sinmi. Kí àwọn tí ìwé wọn ní àmì má bàa pè é ní òpùrọ́, ó kó ogún alábàárìn jọ fún ọmọ amọ̀kòkò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá sí ikú. Bí orí kan bá fẹ́ máa fà, á pa ẹnìkan nínú wọn, á tún fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ lẹ ìwé mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ rẹ̀, ó to orúkọ wọn sí i, ó ń fa igi lé àwọn tó bá ti lọ.

"Bọ̀dá mi, ẹ tún ti pa atukọ̀."

"Ó ń sọ̀rọ̀ jù."

"Ẹni kẹtàlélógún tẹ́ ẹ máa pa nìyẹn. Ogún ni gbogbo wọn."

Ó wo orúkọ tó wà lára ògiri. "Mélòó ló kù?"

"Mẹ́tàdínlógún."

Nínú orí tó tẹ̀ lé e, ìyàwó aláró inú wọn bí ìbẹta.

A ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti òkè, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ẹ̀rín kò dé. Ogún èèyàn ṣeé kó jọ. Ogún bàbá ti wà nínú ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀: ìkòkò kan tí kò tíì wọ iná, tí amọ̀kòkò mọ, tó sì kú kí ó tó sun ún. Ogun gan-an ni Bàbá Á-Ṣẹ kò mọ bí yóò ṣe ṣẹ. Báwo ni ogun ṣe ń gba ìlú là? Ó bi atẹ̀wé, ó bi àwọn tó ń wo mítà wọn. Ó wá lọ bá bàbá tó ń ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ omi, ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ni.

"Mo ja méjì," ni bàbá náà wí. "Ìlú tí wọ́n ní ká lọ gbà là, nígbà tá a fi máa jà débẹ̀, kò sí mọ́."

Bàbá Á-Ṣẹ kí i, ó padà sílé, ó fa ogójì ojú-ewé ya. Ìwé karùn-ún ti jáde nígbà náà. Ìwé kẹfà, tó yẹ kó parí gbogbo rẹ̀, kò jáde lọ́dún yẹn, kò jáde lọ́dún kejì. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi wà lórí rẹ̀. Àwọn tó ń ka ìwé rẹ̀ ń dá a lọ́nà láti bi í, òun náà sì ń sọ pé á ṣẹ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti ń lọọlẹ̀. Àbúrò rẹ̀ á jókòó ti ẹ̀rọ, á na ọwọ́ ara rẹ̀ síwájú, á máa wò ó. Ìlà kan ṣoṣo tí kò gùn ju ẹsẹ̀ èèrà lọ ni ọwọ́ yẹn kọ̀ láti fà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá a kiri.

Àìsàn wá dé. Kíndìnrín rẹ̀ ni. Dókítà pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sínú yàrá rẹ̀, ó fara balẹ̀ sọ fún wọn pé ó lè ku oṣù mẹ́rin.

"Dókítà, ẹ ò mọ àsọtẹ́lẹ̀ í kọ," ni Bàbá Á-Ṣẹ wí. "Ẹ kì í dárúkọ oṣù. Ẹ sọ pé, 'Yóò lọ nígbà tí ojú kò sí lára rẹ̀.' Kò sẹ́ni tó máa lè mú yín."

Dókítà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wá yíjú sí fèrèsé. Àbúrò kò rẹ́rìn-ín rárá. Nígbà tí oṣù kẹrin pé tí Bàbá Á-Ṣẹ ṣì ń rìn, ó wọ aṣọ tó dára, ó lọ sí ọsibítù láti lọ kí dókítà pé àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kùnà. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó yege ìdánwò. Ní oṣù kẹfà, wọ́n gbé e lọ síbẹ̀, kò sì padà wálé mọ́.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìwé kẹfà lẹ́nu, tí àbúrò rẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ń yí ohùn padà fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Tó bá kan òkúta ibodè, á fi ohùn inú ikùn sọ ọ́, nọ́ọ̀sì á yọjú pé ta ló ń kérora. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí orí tó ṣáájú ti ìkẹyìn, ó ní kí àbúrò òun lọ sinmi. Àbúrò kò dìde.

"Bọ̀dá mi, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Sọ ọ́."

"Ojú-ewé kọkànlélógójì. Èmi ni mo fò ó. Èmi ni mi ò fa àmì sí i. Ẹ̀dà tó lé ní ọgọ́rin."

"Ó rẹ̀ ọ́ ni."

"Kò rẹ̀ mí." Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa kà á."

Nọ́ọ̀sì wọlé, ó wo omi tí wọ́n gbé kọ́ sí aláìsàn lọ́wọ́, ó tún jáde.

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Á-Ṣẹ wí.

Ẹ̀rín mú un, ẹ̀rín náà sì dun ara rẹ̀, ó fọwọ́ di ìhà mú. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí télọ̀ gbé tirẹ̀ wá. Àmì tó kù nínú rẹ̀, búlúù ni gbogbo wọn."

"Ẹ mọ̀? Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ nígbà yẹn?"

"Mẹ́tàlélógún."

"O ò rí i. Wọn ì bá máa nawọ́ sí ọ pé ìwọ lo ba ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́. Mo ní kí n tún ìtàn náà ṣe títí tí kò fi ní jẹ́ àṣìṣe mọ́. Mo rò pé ìwé kan á tó." Ó mí kanlẹ̀. "Ó gbà mí ní ọdún mọ́kàndínlógún."

Àbúrò gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún bí ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ tí kò ní abẹ́rẹ́ nínú lé e lórí. Àbúrò nu ojú, ó bi í pé báwo wá ni ogun náà yóò ṣe ṣẹ.

"Kì í gba ìlú là," ló dá a lóhùn. "Mo ti wá a dé gbogbo ibi tí mo lè wá a dé. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó kú ní ọjọ́ kẹrin, ní ọ̀sán, nígbà tí àbúrò rẹ̀ lọ ra ìwé tí wọ́n máa fi kọ orí ìkẹyìn. Ó bá nọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ìwé ṣì wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò ní ohun tó dun òun jù lẹ́yìn náà ni pé tí òun bá jókòó ti ẹ̀rọ, òun á dúró, òun á máa retí kí ẹnìkan sọ̀rọ̀ láti orí àga ẹ̀gbọ́n òun.

Oṣù márùn-ún ló fi kọ orí ìkẹyìn fúnra rẹ̀. Ogun jà nínú rẹ̀, kò sì gba ẹnikẹ́ni là. Nínú ogún èèyàn, mẹ́sàn-án ló kù. Nígbà tí ìlú ń jó, ọmọ amọ̀kòkò gbé ìkòkò tútù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ wọ inú iná, ó dúró tì í títí ó fi jinná, ó sì fi pọn omi fún àwọn tó ṣẹ́kù. Àwọn tó ti kà á ní àwọn kò mọ ibi tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ti dúró tí ti àbúrò ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, tó ti ní kọ̀ǹpútà báyìí, tí gbogbo àmì ohùn sì wà nínú rẹ̀, atẹ̀wé rí ìlà díẹ̀ tó fi sí iwájú ìwé. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé nínú ìwé kìíní, ní ojú-ewé kọkànlélógójì, òun àbúrò òǹkọ̀wé ni kò fa àmì sórí ọ̀rọ̀ kan, pé "ogún" tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ ni ẹ̀gbọ́n òun kọ, àti pé àṣìṣe náà kì í ṣe tirẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká yọ eléyìí," ni atẹ̀wé wí. "Gbogbo èèyàn ló gbà pé Bọ̀dá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ohun tí wọ́n fi ń yìn wọ́n nìyẹn. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bọ̀dá fúnra wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀."

"Mo mọ̀," ni àbúrò wí. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni Bọ̀dá mi fi bá mi rù ú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀."